Ẹ̀gẹ́ Tí A Kò Rẹ

Àṣìkẹ́ ṣí ìkòkò oníyanrìn tó fi ń yan bisikíìtì. Ó mú ẹyọ kan, ó fi í sẹ́nu, ó sì tu ú dànù.

"Kí ló dé?" Ṣèyífúnmi, ọ̀rẹ́ rẹ̀, bi í.

"Ó kan."

Ó ti pẹ́ tí Àṣìkẹ́ ti ń yan bisikíìtì fún àwọn ará ilé rẹ̀ ní Ayétòrò. Ọ̀sẹ̀ yìí ni ẹnìkan máa kọ́kọ́ sanwó fún un: Ìyáàfin Mákindé, olùkọ́ rẹ̀, ní kó ṣe ọgọ́ta fún ìdíje ìwé kíkà àwọn ọmọ kékeré lọ́jọ́ Ẹtì. Ṣùgbọ́n ìjọba ti ti ibodè. Fúláwà wọ́n, bọ́tà tó ń ti Kútọnù wá sì di àwátì. Ni Àṣìkẹ́ bá bu láfún Màmá Lábísí, ìyá bàbá rẹ̀, láìtọrọ, ó fi po bisikíìtì.

"Wọ́n ṣúgà sí i lórí," Ṣèyífúnmi wí. "Àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ni. Wọn ò ní mọ̀."

"Èmi tí mo mọ̀ ńkọ́?"

"Ó dáa, olódodo! Lọ sọ fún Ìyáàfin pé o ò rí i ṣe. Wọn ò ní pè ọ́ mọ́ láé."

Ọ̀rọ̀ náà dun Àṣìkẹ́, nítorí ó lè rí bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ó kó bisikíìtì náà sínú àwo, ó gbé e lọ bá Màmá Lábísí lẹ́yìnkùlé, ó kúnlẹ̀, ó jẹ́wọ́.

Màmá tọ́ ọ wò, ó yọ ṣùtì. "Láfún tí mo rẹ fọ́jọ́ mẹ́rin! Ọkà lo fẹ́ rò fún olùkọ́ yín ni? Abéèrè kì í ṣìnà, ìwọ ò béèrè. Ẹ̀gẹ́ tí a bá rẹ, kíkan ni yóò kan."

"Ẹ má bínú, Màmá."

"Ìbínú kì í yan bisikíìtì. Dìde, gbé àdá."

Ẹ̀gẹ́ dídùn tí wọ́n máa ń sè jẹ ni wọ́n hú. Wọ́n bó o, wọ́n rin ín, wọ́n fún omi rẹ̀ dànù, wọ́n sì sá a sórí páànù lójú ẹsẹ̀. Ọyẹ́ ń fẹ́. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán ọjọ́ kejì, ó ti gbẹ. Àṣìkẹ́ gún un, ó kù ú, ó fi òróró àgbọn pò ó, ó sì yan án.

Ọgbọ̀n péré ló jáde.

"Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ló máa kàn wọ́n dípò méjì, mà," ó sọ fún Ìyáàfin Mákindé lọ́jọ́ Ẹtì. "Mo ba èyí tí mo kọ́kọ́ yan jẹ́. Ó kan, mi ò sì lè kó o wá."

Ìyáàfin fi ìka kó ẹ̀rún ìsàlẹ̀ àwo, ó tọ́ ọ wò. "Kí lo fi ṣe é?"

"Ẹ̀gẹ́, mà."

"Ẹ̀gẹ́ ilé wa yìí náà?" Ó tún kó ẹ̀rún. "Ṣe ọgọ́ta mìíràn fún mi lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Kó pé o."

Ṣèyífúnmi tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ń họrí. "Àṣìkẹ́, ta ni yóò bá ọ rin ẹ̀gẹ́ tó pọ̀ tó yẹn?"

"Ìwọ ni. Fọ ọwọ́ rẹ kó o tó wá."

Àwọn èyí tó kan kò ṣòfò. Ewúrẹ́ Màmá jẹ wọ́n tán pátá. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí iṣẹ́ bá bàjẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ má fi ṣúgà bò ó. Ẹ sọ ọ́, kí ẹ sì béèrè. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe lè máa sá láfún lẹ́yìnkùlé yín.