Láti Ibi Tí A Dé

Kùrukùru ò tíì ká tán lórí òkè Ẹ̀fọ̀n láàárọ̀ ọjọ́ tí Francis kọ́kọ́ rí Oyin. Orí àpáta lọmọbìnrin náà jókòó sí, ó fi gèlè bo láptọ́ọ̀pù rẹ̀ bí abiyamọ tó ń bo ọmọ nítorí òtútù. Tísà ni Francis, iléèwé ló ń lọ, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀, kò lọ mọ́.

"Ẹ̀yin tí ẹ dúró bí òpó yìí, ṣé nẹ́tíwọ́ọ̀kì lẹ̀yin náà ń wá ni?"

"Rárá o. Mo ti rí ohun tó jù ú lọ."

Oyin rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló mú tísà wa.

Iṣẹ́ Oyin ni láti dán wẹ́bùsáìtì ilé-iṣẹ́ kan wò kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn oníbàárà. Ó ti kọ àṣẹ fún láptọ́ọ̀pù pé kó máa ṣí ojú-ewé kan tẹ̀ lé òmíràn fúnra rẹ̀, kó máa tẹ ibi gbogbo bí ẹni tó fẹ́ rajà, láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ṣùgbọ́n bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já pẹ́nrẹ́n, gbogbo rẹ̀ á dà nù, á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀.

Orí àpáta yẹn ni ìfẹ́ wọn ti dàgbà. Francis á gbé àkàrà gbígbóná gun òkè, wọn á jọ máa wo kùrukùru bó ṣe ń rọra wọ́ kọjá lórí àwọn òrùlé ìlú. Ayé wá dùn mọ́ ọn bí ẹni ń lálàá.

"Oyin mi," ni Francis wí lọ́jọ́ kan, "mo fẹ́ kí ìwọ àti èmi..."

"Yéè! Ó ti já!"

Oyin ti kọ ẹ̀yìn sí i, ó ti dojú kọ láptọ́ọ̀pù. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyí, ó sì dun Francis wọra. Nígbà tí iléèwé gba ìsinmi, ó gba Èrìjìyàn lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, kò sì gbé fóònù Oyin mọ́.

"Ojú lọ̀rọ̀ wà," ni ìyá rẹ̀ wí nígbà tó gbọ́. "Peace ọmọ Arámọkọ máa ń wojú èèyàn. Lọ́jọ́ Ìsinmi, tá a bá ti jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, a ó lọ kí àwọn òbí rẹ̀ nulé wọn."

Francis ò kọ̀, kò sì gbà.

Ọ̀sán Sátidé, òun àti ìyá rẹ̀ ń sá kòkó nígbà tí ọ̀kadà dúró. Oyin sọ̀ kalẹ̀, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ kú uṣẹ́ o, Mà."

"Láptọ́ọ̀pù rẹ dà?" Francis béèrè, kò rẹ́rìn-ín.

"Ó wà ní Ẹ̀fọ̀n, ó ń ṣiṣẹ́."

"Tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já ńkọ́?"

"Kó já! Mo ti kọ́ láptọ́ọ̀pù náà kó máa fi ibi tó bá dé pamọ́. Tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dé, ibẹ̀ náà ni yóò ti máa bá a lọ. Ohun tí mo ń ṣe nìyẹn látìgbà tí o ò ti gbé fóònù mi, kí n lè ráyè wojú rẹ."

Ìtìjú bo Francis, ìfẹ́ sì tún gbà á lọ́kàn pátápátá. "Jọ̀ọ́, má bínú. Jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Orúkọ mi ni Francis, tísà ni mí..."

"Rárá o. Èmi ò padà síbẹ̀rẹ̀ mọ́. O ní o fẹ́ kí ìwọ àti èmi ṣe kí ni?"

"Àṣé o gbọ́?"

"Etí mi gbọ́. Ojú mi ni kò sí níbẹ̀."

Ojú Oyin wà níbẹ̀ wàyí, kò gbé e kúrò lára Francis. Francis sún mọ́ ọn.

"Kí a di tọkọtaya."

"Mo gbà, Tísà mi."

Ìyá Francis gbọn erùpẹ̀ kòkó kúrò lọ́wọ́.

"Francis, tẹ àwọn ará Arámọkọ láago, kó o bá mi bẹ̀ wọ́n. Ilé Oyin l'Ẹ̀fọ̀n là ń lọ lọ́la."