Abọ́ Aláwọ̀ Ewé

Ọ̀gbẹlẹ̀ ti mú kí gbogbo Adó-Èkìtì gbẹ táútáú, ṣùgbọ́n ìyá àgbà tó wọ yàrá àyẹ̀wò lọ́sàn-án ọjọ́ náà, omi ń kán tó-tó-tó létí ìró rẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ Ìyìn ni mo bá wá," ó rọra wí.

Fọláyẹmí gbójú sókè. Òun ló ń ṣàyẹ̀wò kòkòrò àrùn nílé ìwòsàn ìlú náà. Ọmọdé kan ládùúgbò Òkè-Ìlá ni Ìyìn, ìgbẹ́ gbuuru sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e lọ. Dókítà ní taifọ́ọ̀dù ni. Fọláyẹmí se oúnjẹ tí kòkòrò taifọ́ọ̀dù fẹ́ràn sínú abọ́ pẹlẹbẹ, ó fi bíńtín nínú ìgbẹ́ ọmọ náà sí i, ó gbé e sínú àpótí olóoru. Ohun tó ń wá kò hù. Ó dùn ún dọ́kàn, obìnrin tó máa ń fọ́nnu pé kòkòrò kan ò lè sá mọ́ òun lọ́wọ́!

Ìyá àgbà wo abọ́ náà, ó rẹ́rìn-ín. "Usẹ́ rẹ mọ́, ọmọ mi. Àmọ́ àlejò tí kì í jẹyán, bó o gúnyán fún un títí, kò ní yọjú sídìí abọ́. Ohun dídùn ni tiẹ̀."

Ohun dídùn. Ṣúgà! Oúnjẹ aláwọ̀ ewé kan wà tó ní òróòro àti ṣúgà, ti kòkòrò onígbáméjì ni. Ta ló sì ń ronú onígbáméjì nínú ọ̀gbẹlẹ̀? Nígbà tí Fọláyẹmí yíjú padà, kò rẹ́nì kan. Ipa ẹsẹ̀ tútù ló wà nílẹ̀, kò sì sí èyí tó kọjú sí ẹnu ọ̀nà.

Ó se oúnjẹ náà sínú abọ́ mìíràn, ó fi ìgbẹ́ Ìyìn sí i. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, abọ́ aláwọ̀ ewé náà ti kún fún àmì róbótó tó pọ́n bí ìyeyè: onígbáméjì ni. Wọ́n yí oògùn padà, Ìyìn dìde jókòó, ó ní kí wọ́n fún òun lẹ́kọ. Orí Fọláyẹmí wú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jó.

Ó wá lọ bu omi kànga ilé Ìyìn fún àyẹ̀wò. Gbọ́láhàn, bàbá Ìyìn, mú un lọ sẹ́yìnkùlé. Ṣáláńgá tuntun wà lápá òkè, kànga wà nísàlẹ̀, sàréè sì wà láàárín wọn, pẹ̀lú fọ́tò lára rẹ̀.

"Màmá mi nìyẹn. Tíṣà ni wọ́n," Gbọ́láhàn wí. "Wọ́n ń wá bá mi lójú àlá pé omi ti wọ ulé àwọn. Mo ní àlá lásán ni."

Ojú ìyá àgbà tó wá sí yàrá àyẹ̀wò ló ń rẹ́rìn-ín sí Fọláyẹmí nínú fọ́tò náà. Ẹ̀rù bà á, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ tún wú: tíṣà ti yẹ iṣẹ́ òun wò, ó ní ó mọ́. Ó kúnlẹ̀ dúpẹ́. Omi rin ín lórúnkún.

"Bọ̀dá, ẹ dí ṣáláńgá yìí lónìí, ó ń jò sí kànga," ó wí jẹ́jẹ́. "Ẹsẹ̀ Màmá ò tíì gbẹ."