Ẹni Tó Ń Lé Ọkọ̀ Ojú Irin

Bàtà kan lẹ́sẹ̀, ìkejì lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ni Fadékẹ́ ṣe sáré lé ọkọ̀ ojú irin ní Òṣogbo ní ọdún 1966. Ọkọ̀ náà lọ. Ó dúró láàrin èéfín, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

Bándélé, akọ̀wé tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, ń wò ó lójú fèrèsé. Ọdún kẹta rèé tí Lucy aya rẹ̀ ti kú. Kò tíì gbọ́ ẹ̀rín tó wọ̀ ọ́ létí bẹ́ẹ̀ láti ìgbà náà.

“Akọ̀wé, òyìnbó ní à ń catch ọkọ̀. Ta ló lè kì í mọ́lẹ̀?” ni Fadékẹ́ wí.

“Ẹ ò ṣe bi tíṣà?”

“Èmi gan-an ni tíṣà!”

Bándélé fa ìwé atúmọ̀ èdè tí Lucy fi sílẹ̀ yọ. Wọ́n jọ ka ìtumọ̀ catch: mímú ni, híhán ohun tí wọ́n jù sókè ni, kíkó àrùn ni. Orísun rẹ̀ ló wá gbẹ̀yìn: lẹ́nu àwọn ará Faransé àtijọ́, lílé ẹran nínú igbó ni.

“Lílé ló kọ́kọ́ jẹ́,” Bándélé sọ jẹ́jẹ́. “Mímú ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni.”

“A jẹ́ pé mo ti mú ọkọ̀ yẹn lédè àtijọ́!”

Láti ọjọ́ náà, kò sí ọ̀sẹ̀ tí Fadékẹ́ kì í yà kí i.

Nígbà tí Bándélé lọ tọrọ rẹ̀ fún ìgbéyàwó ní Iperindo, Ògúnlẹ́yẹ, bàbá Fadékẹ́ tó ń dáko kòkó, mi orí. “Ọ̀kan ti kú mọ́ ọ lọ́wọ́. Ọmọ kan ṣoṣo tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún mi nìyí.”

Bándélé padà sí yàrá rẹ̀ ní Òkè Baálẹ̀, Òṣogbo. Àga méjì ló wà níbẹ̀. Eruku ti bo ọ̀kan.

“Gbé e sá lọ, jàre!” ni Mùstàfá, akọ̀wé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, wí. “Tó bá ti lóyún, bàbá á gbà. Àbí o fẹ́ máa dá ẹ̀bà jẹ títí ayé?”

Fadékẹ́ náà ní, “Akọ̀wé mi, bí ẹ bá ní ká lọ, màá tẹ̀lé yín.” Ṣùgbọ́n omi lé sí i lójú.

Bándélé kò gbé e. Ó mọ̀ pé àna ló ń fi ọ̀wẹ̀ ro oko bàbá ìyàwó. Ní gbogbo Sátidé, ó ń wọ lọ́rì lọ sí Iperindo, ó ń ro oko kòkó tí ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ ẹ́ láti ro. Ògúnlẹ́yẹ kì í kí i. Kò fún un lómi rí. Òjò rọ̀, òjò dá, kòkó pọ́n.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ń fọ́ kòkó, bàbá náà wò ó títí. “Akọ̀wé, ọwọ́ ara rẹ lò ń fọ́, kì í ṣe kòkó.” Ó fọ́ ọ̀kan sí i. “Mo mọ̀ pé Fadékẹ́ ìbá bá ọ lọ. Kí ló dé tí o ò gbé e?”

“Bàbá, mo mọ bí ilé ṣe ń rí tí ẹnì kan bá jáde tí kò padà mọ́.”

Ògúnlẹ́yẹ gbé àdá rẹ̀ sílẹ̀. Òun náà ti ń dá jẹun láti ọdún mẹ́wàá tí ìyá Fadékẹ́ ti kú.

“Fadékẹ́!” ó ké sẹ́yìn ahéré. “Bu omi wá fún àna mi.”

Fadékẹ́ kúnlẹ̀ pẹ̀lú igbá omi. Bándélé na ọwọ́ rẹ̀ síwájú, ọwọ́ tí iṣẹ́ oko ti bó, ó sì dúró títí Fadékẹ́ fi gbé igbá náà lé e lọ́wọ́.