Tuntun Níwájú, Ògbólógbòó Lẹ́yìn

Ìwọ tí ìwé pélébé yìí bọ́ sí lọ́wọ́, jọ̀wọ́ má tíì fi í nu ọwọ́. Fara balẹ̀ kà á. Ìtàn inú rẹ̀ kò gùn ju ìgbà tí wọ́n fi ń fẹ́ atẹ́gùn sí táyà mẹ́rin.

Ọkùnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní Ìjì. Gíláàsì fèrèsé ni ó ń gé jẹun, ó sì mọ iṣẹ́ náà dunjú. Ṣùgbọ́n bí o bá béèrè Ìjì lọ́wọ́ ará àdúgbò, kò sí ẹni tí yóò bá ọ sọ̀rọ̀ gíláàsì. Ọkọ̀ rẹ̀ ni wọn yóò kọ́kọ́ dárúkọ.

Ọkọ̀ pupa ni, kúkúrú, ó ba mọ́lẹ̀ bí àkèré tó fẹ́ fò. Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń yí lẹ́ẹ̀kan náà, kì í ṣe méjì bíi ti ọkọ̀ èmi àti ìwọ. Bí Ìjì bá ṣáná sí i láàárọ̀, abọ́ ilé kẹrin á máa jó, eyín àtọwọ́dá á máa gbọ̀n nínú ife omi, adìẹ tó fẹ́ yé ẹyin kan á yé ti ọ̀la mọ́ tòní.

Ó ti gé sípíríǹgì ọkọ̀ náà kí ikùn rẹ̀ lè fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbá ilẹ̀. Ó ní èèrà tó bá fẹ́ gba abẹ́ rẹ̀ kọjá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣí fìlà.

Má sọ pé aláìgbàgbọ́ ni o! Lọ́jọ́ Ìsinmi, àga iwájú pátápátá ni Ìjì ń jókòó sí nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Bí ó bá gbé orin, òrùlé á fẹ́ ṣí. Ṣùgbọ́n bí ó bá délé, ẹnu tó fi kọrin náà ni yóò fi bú ìyàwó. Irọ́ dùn lẹ́nu rẹ̀ ju ṣúgà lọ. Ọtí ńkọ́? Ìgò a máa bẹ̀ ẹ́ pé, "Ọ̀gá, ó tó gẹ́ẹ́."

Ó ní ọ̀rẹ́ kan láti kékeré, ẹni tó ń pààrọ̀ táyà ní oríta. Tún-un-Wọ̀n ni wọ́n ń pè é, nítorí kò sí ohun tí kì í wọ̀n lẹ́ẹ̀mejì. Ó ń wọn omi tíì pàápàá. Ọ̀mùtí paraku ni òun náà tẹ́lẹ̀, títí Jésù fi dá a dúró lójú ọ̀nà ègbé.

Lọ́jọ́bọ̀ kan, Ìjì gbé ọkọ̀ dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pẹ̀lú rímù tuntun mẹ́rin tó ń tàn bí òṣùpá, àti táyà tuntun méjì.

Tún-un-Wọ̀n wo inú bùùtù, ó wo ojú rẹ̀. "Méjì péré?"

"Méjì náà ni. Kó o dè é síwájú. Iwájú layé ń rí. Ta ló ń wo ìdí ọkọ̀?"

"Ẹni tó bá wà lẹ́yìn rẹ ni." Tún-un-Wọ̀n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi àkísà nu ẹ̀gbẹ́ táyà ẹ̀yìn. "Wo nọ́ńbà mẹ́rin yìí. Méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣe táyà, méjì tó kù ni ọdún rẹ̀. Táyà yìí ti pé ọdún mọ́kànlá. Ó yẹ kó ti fẹ̀yìn tì, kó máa bá ọmọ-ọmọ ṣeré."

Ìjì rẹ́rìn-ín. Tún-un-Wọ̀n kò rẹ́rìn-ín.

"Gbọ́, ọ̀rẹ́ mi. Tí ọkọ̀ bá jẹ́ pé ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló jọ ń fà á, àfi kí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba. Táyà tuntun ga, èyí tó ti jẹ ti kúrú. Wọn ò lè yí bákan náà láé, jíà àárín, èyí tó ń pín agbára sí iwájú àti ẹ̀yìn, ni yóò sì máa jìyà láàárín wọn. Bí òjò bá wá rọ̀, iwájú á di ilẹ̀ mú, ẹ̀yìn á gba ibi tó wù ú lọ. Méjì tó kù ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Fi ọkọ̀ sílẹ̀ níbí."

"Lọ́jọ́ Ajé kẹ̀? Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta ni èmi àti Eléyín-Wúrà fẹ́ sáré gun òkè! Alápatà yẹn ti ń sọ káàkiri pé òun á sọ mí di ẹran." Ìjì bá pa irọ́ rẹ̀ sílẹ̀ wẹ́rẹ́: "Méjì tuntun míì wà nílé. Èmi fúnra mi á dè é."

"Ṣé òótọ́?"

"Ṣé mo ti purọ́ fún ọ rí ni?"

Tún-un-Wọ̀n ká àkísà ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ìjì, bí o ṣe ń ṣe ọkọ̀ yìí náà lo ń ṣe Ọlọ́run. Èyí táyé ń rí, o fún un. Èyí tó wà lẹ́yìn, o kọ̀. Jésù kì í gba méjì nínú mẹ́rin o."

"Háà, Pásítọ̀ Táyà! Atẹ́gùn ni mo wá gbà, mi ò wá gba ìwàásù." Nígbà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ de táyà méjì náà síwájú tán, ó lọ.

Nígbà tí Ọjọ́ Àbámẹ́ta mọ́, kí ni ẹ rò pé ó ṣe? Ó mú kíwì tó fi ń kun bàtà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi pa táyà ẹ̀yìn. Ó pa á, ó tún un pa, títí ó fi dúdú tóbẹ́ẹ̀ tí òru ìbá fi wá tọrọ díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ mú ọmọbìnrin wọn jáde. Ọmọ ọdún méje ni, Ẹyẹlé ni wọ́n ń pè é, nítorí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Ilé ìyá àgbà rẹ̀ wà lórí òkè tí wọ́n fẹ́ sáré gùn náà, ibẹ̀ ni ó fẹ́ lọ lo ìsinmi; Ìjì ní òun á kọ́kọ́ gbé e débẹ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀.

"Bàbá Ẹyẹlé, ojú ọ̀run ti ṣú o. Ṣé táyà tẹ́ ẹ ní ẹ fẹ́ pààrọ̀, gbogbo rẹ̀ lẹ ti pààrọ̀?"

"Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin! Ṣé o ò rí bó ṣe ń dán ni?"

Obìnrin náà gbà á gbọ́. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi de ọmọ rẹ̀ mọ́ àga ẹ̀yìn.

Nígbà tí wọ́n dé oríta, Ìjì tẹ fèrè fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó kọjá fìrì. Tún-un-Wọ̀n gbójú sókè láti ibi tó ti ń yọ ìṣó lára táyà. Táyà tó bá jẹ́ tuntun ní tòótọ́ máa ń ní irun rọ́bà wẹ́wẹ́ lára bí àgbọ̀n ọmọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hu irùngbọ̀n. Èyí tó ń dán kọ̀rọ̀kọ̀rọ̀ lẹ́yìn ọkọ̀ yẹn kò ní irun kan ṣoṣo. Ó sì rí orí kékeré kan nínú gíláàsì ẹ̀yìn. Kò ti ṣọ́ọ̀bù. Ó fò sórí alùpùpù rẹ̀, ó tẹ̀ lé e.

Òjò bẹ̀rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ òkè. Kì í ṣe òjò ni mo ń wí yìí, ẹ jẹ́ ká kàn sọ pé ẹnìkan yí ìkòkò ọ̀run dojú dé. Ìjì gbọ́ òórùn ohun tó ń jóná lábẹ́ àga. Jíà àárín ni. Ó ń gbọ́ kíkùn rẹ̀ pẹ̀lú, bí ènìyàn tó ń jẹ òkúta.

"Dádì, kí ló ń jó?"

"Kò sí nǹkan."

Ìyẹn ni irọ́ tó gbẹ̀yìn tí ó pa lọ́jọ́ náà.

Ní kọ́nà kẹta, tí ọ̀gbun wà lápá òsì, iwájú ọkọ̀ yà. Ẹ̀yìn kò yà. Ẹ̀yìn ń lọ ní tirẹ̀. Ìjì tẹ bíréèkì, ọkọ̀ yí po, ó tún yí po, ayé dà rú, ó gbá kọnkéré etí títì gbàù, ó sì dúró.

Gbogbo nǹkan dákẹ́. Òjò nìkan ló ń sọ̀rọ̀.

"Dádì," ni Ẹyẹlé wí, "ẹ jẹ́ kó tún yí po lẹ́ẹ̀kan sí i!"

Ìjì wo iwájú. Kò rí ilẹ̀. Imú ọkọ̀ ti kọjá etí títì, ó ń wo orí igi nísàlẹ̀. Ikùn ọkọ̀ tó fi ń yangàn pé ó ba mọ́lẹ̀, òun ló há sórí kọnkéré. Ọkọ̀ náà ń lọ sókè sódò díẹ̀díẹ̀ bí ìwọ̀n. Ẹ́ńjìnnì wúwo níwájú. Ẹyẹlé nìkan ló wúwo lẹ́yìn.

Ọmọ náà nawọ́ sí bẹ́líìtì rẹ̀. "Dádì, mo fẹ́ bọ́ sílẹ̀."

"Má mì! Jókòó síbẹ̀!"

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀ ni ó mọ ìdí tí òun fi sọ ọ́. Ọkọ̀ náà kò ní ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n irin kékeré tó ń ṣí bùùtù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀. Bí ó bá fà á, ọmọ á gba ẹ̀yìn jáde. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá jáde, ẹ̀yìn á fúyẹ́, Ìjì á sì lọ sísàlẹ̀. Ọmọ ọdún méje ló ń fi ara rẹ̀ ra ẹ̀mí bàbá rẹ̀, kò sì mọ̀.

Kọnkéré ń rún lábẹ́ wọn, wàrà, wàrà.

Ìjì gbé ọwọ́ lé irin náà. Ó ní kí òun fà á. Ọwọ́ kọ̀. Ó tún ní kí òun fà á. Ọwọ́ kọ̀. Ọkùnrin tó ń kọrin títí òrùlé fi ń mì, kò lè fa irin tí kò gùn ju ìka lọ nítorí ọmọ bíbí inú rẹ̀.

Níbẹ̀ ni ó ti rí ẹ̀yìn ọkàn ara rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Kò sí kíwì lára rẹ̀. Ó jẹ, ó sán, ó ti gbó láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹ̀rù ọ̀gbun kò tún bà á tó ẹ̀rù ohun tí ó rí yẹn.

Ó gbọ́ ìró alùpùpù.

"Ìjì!" Ohùn Tún-un-Wọ̀n ni. "Ṣí bùùtù!"

"Bí mo bá ṣí i, ọmọ á jáde, mo kú nìyẹn!"

"Mo mọ̀. Èmi ni mo fẹ́ wọlé. Ṣí i!"

"Táyà ẹ̀yìn… irọ́ ni mo pa fún ọ."

"Láti oríta ni mo ti mọ̀, ará ibí yìí! Ṣé àsìkò ìyẹn la wà? Fà á!"

Ìjì fà á.

Bùùtù ṣí, òjò wọlé. Tún-un-Wọ̀n rọra gbé gbogbo ara rẹ̀ lé inú ọkọ̀ tó ń mì lórí ọ̀gbun. Ọkùnrin tí kì í bu omi tíì láìwọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, kò wọn èyí rárá. Ó tú bẹ́líìtì ọmọ, ó fà á kọjá orí àga, ó ti í jáde. "Sáré lọ síbi igi yẹn, Ẹyẹlé. Má wẹ̀yìn."

Ó yíjú sí Ìjì. "Ó kù ọ́. Rọra rá bọ̀."

Ìjì rákò láàárín àga. Ṣínún báyìí ni kọnkéré fi ń di ọkọ̀ mú nísinsìnyí. Nígbà tó dé ẹnu bùùtù, ó dúró. "Bí mo bá bọ́ sílẹ̀, ìwọ ńkọ́?"

"Ẹnìkan ti kú dípò mi rí, Ìjì. Ibi tí mò ń lọ ti dá mi lójú. Ìwọ ni tìrẹ ò tíì dájú. Bọ́ sílẹ̀!"

Ìjì bọ́ sílẹ̀. Ọkọ̀ ké bí ẹran. Bí ó ṣe ń lọ ni Tún-un-Wọ̀n fò. Ìjì gbá a lápá mú, àwọn méjèèjì ṣubú sínú ẹrẹ̀. Ọkọ̀ gbé bàtà òsì Tún-un-Wọ̀n lọ, ó sì fọ́ egungun ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ kó tó lọ. Ìró rẹ̀ nísàlẹ̀ pọ̀ tó láti jí ẹni tó sùn ní ọdún tó kọjá.

Tún-un-Wọ̀n di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Bàtà tuntun ni o," ó ní.

Ìjì kò lè rẹ́rìn-ín. Ó kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ọmọ rẹ̀ so mọ́ ọn lọ́rùn. "Mi ò lè fà á. Tún-un-Wọ̀n, ọmọ mi ni, mi ò sì lè fà á. Irú èèyàn wo ni mí?"

"Irú èyí tí Jésù wá nítorí rẹ̀ ni. Sọ fún un."

Ìjì sọ fún un. Kò kọrin. Kò gbé ohùn sókè. Ó ka irọ́ rẹ̀, ó ka ọtí rẹ̀, ó ka omijé ìyàwó rẹ̀, ó ní, "Jésù, ẹ̀yìn mi bàjẹ́. Iwájú náà, ẹ̀tàn ni. Gba gbogbo rẹ̀. Wẹ̀ mí mọ́." Òjò ń rọ̀ lé e lórí. Nígbà tó dìde, kì í ṣe ẹni tó kúnlẹ̀ ló dìde.

Bó ṣe délé, ó sọ òtítọ́ fún ìyàwó rẹ̀ kó tó pààrọ̀ aṣọ. Obìnrin náà sunkún, ó sì fún un ní ìgbájú kan tó dún ju ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ni ó dì mọ́ ọn. Títí di òní, bí o bá dé ṣọ́ọ̀ṣì wọn, àga ẹ̀yìn ni wàá ti bá Ìjì, òun ló ń ran ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń tiro lọ́wọ́ wọlé.

Ìwọ ńkọ́, ọ̀rẹ́ mi?

O lè má ní ọkọ̀. O lè jẹ́ pé ẹsẹ̀ lo fi ń rìn. Ṣùgbọ́n o mọ ohun tí o fi kíwì pa. Ìyàwó kò mọ̀, ọkọ kò mọ̀, olùṣọ́-àgùntàn kò mọ̀. Ọlọ́run ti ka nọ́ńbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wà lára rẹ̀.

Má sọ pé ó di ọjọ́ Ajé. Ọjọ́ Ajé ni táyà Ìjì náà ń bọ̀; ọjọ́ Àbámẹ́ta ló kọ́kọ́ dé. Òjò rẹ kò ní ránṣẹ́ kó tó rọ̀. Kọnkéré tí o gbára lé ti ń rún bí o ṣe ń ka ìwé yìí.

Jésù Kristi ti wọ inú ewu rẹ. Ó ti gbé ara rẹ̀ lé ibi tí ikú wà, kí ìwọ lè jáde. Kò jáde láìfarapa: wo ọwọ́ rẹ̀, wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó wà lẹ́yìn rẹ báyìí, ó ń pè ọ́ ní orúkọ.

Ọwọ́ rẹ wà lórí irin náà. Fà á.