Yẹ̀rì Pupa Màmá Àgbà

"Kùn ún dáadáa! Kùn ún kó máa dán bí ìkòkò tuntun!" Orí bẹ́ẹ̀dì ni Màmá àgbà ti ń pariwo. "Itan tó bá ń ha ara wọn láìsí ìpara, iná ni wọ́n máa ṣá. Ẹ wo tèmi tó sanra yìí. Bí mo bá rìn dé ṣálángá padà, èéfín á ti máa rú!"

Ẹ̀rín gba yàrá ilé àlejò tí wọ́n wọ̀ sí kan. Ìyá Tẹ́ẹ́rẹ́ ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń fi ìpara pa ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Láti ọjọ́ Jímọ́ọ̀ ni bàbá Tẹ́ẹ́rẹ́, tó jẹ́ wẹ́dà, ti ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa, tó kó gbogbo wọn, títí kan Màmá àgbà tó jẹ́ ìyá rẹ̀, sínú ọkọ̀ wá sí ìlú yìí. Òní Sunday, ìyàwó rẹ̀ fẹ́ sá eré ẹlẹ́mìí ẹṣin.

Aránṣọ ni obìnrin náà. Kí àwọn aládùúgbò tó jí, á ti sáré yí àdúgbò po, lẹ́yìn náà ni á jókòó ti maṣíìnì rẹ̀ títí dalẹ́. Lọ́dún tó kọjá, ó ti ń wo géètì ìparí lọ́ọ̀ọ́kán nígbà tí wọ́n na okùn dí i. Àkókò ti tó. Ọkọ̀ tó ń ṣa àwọn tó rẹ̀ ló gbé e. Kò sunkún o, ṣùgbọ́n fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, kò bá ẹnikẹ́ni ṣàwàdà.

"Tẹ́ẹ́rẹ́, wá jókòó," ó ní. "Òwú inú bọ́bìnì ni agbára mi. Lọ́dún tó kọjá, mo fà á tán kí n tó rán dé etí aṣọ. Ṣó o rí táǹkì omi gíga tá a kọjá lánàá? Téèyàn bá ti débẹ̀, géètì ti dé. Ṣùgbọ́n ojú mi á ti ṣú nígbà yẹn, mi ò ní mọ ibi tí mo wà. Ìdí táǹkì yẹn ni kó o dúró sí. Bí mo bá ti rí àsíá rẹ báyìí, màá fa gbogbo òwú tó kù."

"Àsíá wo, Màmi?"

Màmá àgbà tọwọ́ bọ àpò rẹ̀, ó fa yẹ̀rì pupa kan ṣoṣo tó mú wá yọ, ó fẹ̀ bí aṣọ fèrèsé. Wọ́n ti gbé e kọ́ sórí igi ìnulẹ̀ kí Tẹ́ẹ́rẹ́ tó pa ẹnu dé.

"Màmá àgbà! Àwọn èèyàn á rí mi!"

"Kí ni à ń wá? Ta ló tún máa gbé yẹ̀rì wá sójú títì? Ìyàwó mi ò lè ṣì í mọ̀. Ẹrù tí yẹ̀rì yìí ti bá mi bò, bí mo bá sọ ọ́, wàá kí i kú iṣẹ́!"

Nígbà tí oòrùn mú, ojú títì ti kún fọ́fọ́. Tẹ́ẹ́rẹ́ àti Màmá àgbà ń rìn lọ sí ìdí táǹkì, wọ́n sì dé ibi tí orin ti ń dún kíkankíkan. Àwọn kan ń pín fìlà ọ̀fẹ́ fún ẹni tó bá mọ ijó jó. Màmá àgbà rí àpótí kan, ó fìdí lé e.

"Orúnkún mi ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀," ó ní, ó bu búrẹ́dì jẹ. "Ìwọ máa lọ."

"Orin kan péré, Màmá àgbà."

Orin kan di méjì. Méjì di mẹ́ta. Nígbà tí Tẹ́ẹ́rẹ́ fi máa gba fìlà dé orí, ó rí ẹ̀wù olómi ọsàn ìyá rẹ̀ tó ń bọ̀ lọ́nà jíjìn. Ó bojú wo iwájú. Táǹkì náà rí bí páálí ìṣáná lókèèrè.

Ọkàn rẹ̀ ní, "Sáré! O ṣì lè ṣáájú rẹ̀ débẹ̀." Ara rẹ̀ ní, "Kí ni ìyàtọ̀? Títì kan náà ni. Inú Màmi á kàn tètè dùn ni."

Ó gbé yẹ̀rì sókè.

Ìyá rẹ̀ rí i. Ojú rẹ̀ là kedere, ó sì ta bí ọfà, ó kọjá lára wọn fìrì! Tẹ́ẹ́rẹ́ fò sókè, ó ń pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n Màmá àgbà ti gbàgbé búrẹ́dì sẹ́nu.

"Tẹ́ẹ́rẹ́, ṣé wọ́n ti gbé táǹkì wá síbí ni? Yéè! Ìyàwó mi ti ń fa òwú ẹ̀ tán o!"

Tẹ́ẹ́rẹ́ ki eré mọ́lẹ̀. Fìlà ọ̀fẹ́ fò lọ, sálúbàtà ẹsẹ̀ kan tẹ̀ lé e. Yẹ̀rì pupa ń fẹ́ lẹ̀lẹ̀ lórí rẹ̀, àwọn èèyàn ń là fún un, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

"Màmi! Ẹ rọra! Irọ́ ni!"

Nígbà tó bá a, ìyá rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó di ojúgun mú. Iṣan ẹsẹ̀ ti fà.

"Géètì dà?" ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ó kù díẹ̀! Ó kù díẹ̀!" làwọn èrò ń pariwo.

Ì bá rọrùn kí Tẹ́ẹ́rẹ́ bá wọn gbè é. Ó mi orí. "Kò kù díẹ̀, Màmi. Mi ò dé ìdí táǹkì. Ijó ni mo dúró jó. Ó ṣì jìnnà."

Ìyá rẹ̀ wò ó. Ojú yẹn gbóná ju áyọ́ọ̀nù lọ. Ó wá na ẹ̀yìn rẹ̀ ró.

"Máa sọ òótọ́ fún mi lọ bẹ́ẹ̀. Níbo ni mo kọ́kọ́ máa dé?"

"Ẹ wo òpó iná tó tẹ̀ yẹn. Ẹ rìn débẹ̀. Lẹ́yìn náà, kẹ́ ẹ sáré dé èyí tó tẹ̀ lé e."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń bọ̀, ìyá lórí títì, ọmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, láti òpó dé òpó. "Ṣó ti kù díẹ̀?" "Rárá o, Màmi." "Ìsinsìnyí ńkọ́?" "Ó ṣì kù!" Àfi ìgbà tí òjìji táǹkì bo Tẹ́ẹ́rẹ́ lórí. Ó fi gbogbo agbára ju yẹ̀rì sókè.

"Ibí ni o! Màmi, ẹ fà á tán!"

Ìyá rẹ̀ gbàgbé pé iṣan kankan fà. Ó yí kọ́nà. Àwọn ọkùnrin ẹnu géètì ti mú okùn dání, wọ́n ti ń nà án bọ̀. Bàbá Tẹ́ẹ́rẹ́, tó ti lọ dúró sẹ́nu géètì láti àárọ̀, gun orí ògiri, ó ń ké títí ohùn rẹ̀ fi há. Ìyá wọlé gbì! Okùn náà gbá a lẹ́yìn bó ṣe ń kọjá. Òun ló kẹ́yìn gbogbo wọn.

Ìgbà tí wọ́n dì mọ́ra tán, tí wọ́n sunkún tán, ni Màmá àgbà yọ lórí ọmọlanke tí wọ́n fi ń kó omi. "Èmi náà ti sá a parí!" ló ń kígbe. "Ìdí ni mo fi sá tèmi! Ẹ dá yẹ̀rì mi padà jàre, láti àárọ̀ ni afẹ́fẹ́ ti ń wọlé sí mi!"

Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n padà délé, ẹsẹ̀ ìyá Tẹ́ẹ́rẹ́ wú, kò lè tẹ maṣíìnì. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, bí Tẹ́ẹ́rẹ́ bá ti dé láti ilé ìwé, òun ló ń tẹ̀ ẹ́, tí ìyá rẹ̀ ń darí aṣọ. Ibẹ̀ ló ti yé e pé ẹni tó bá fọkàn tán wa, ojú wa ló fi ń ríran. Bí a bá gbé àmì síbi tí kò yẹ nítorí ìgbádùn ara wa, ẹsẹ̀ ẹlòmíràn ló máa jìyà rẹ̀. Bí a bá sì ti ṣì í ṣe, ká yáa sáré lọ sọ òótọ́, kí òwú tó tán.

"Màmi, ẹsẹ̀ ń ro mí o. Ṣó ti kù díẹ̀?"

"Rárá o," ni ìyá rẹ̀ dáhùn, ó tún fa aṣọ mìíràn sábẹ́ abẹ́rẹ́. "Òótọ́ ni mo ń sọ fún ọ."