Oògùn Abẹ́ Òwú

Bọ́tìnnì kan ṣoṣo ló so wọ́n pọ̀. Obìnrin aránṣọ kan wá gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ní ilé ìwòsàn, ó sì rí i pé píìnì ni ọkùnrin apoògùn fi há àyà ẹ̀wù funfun rẹ̀ tí bọ́tìnnì rẹ̀ ti já.

"Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú ènìyàn," ni ó wí, "ẹ̀wù yín gan-an ń ṣàìsàn."

"Ẹ bá mi wò ó sàn, ẹ̀gbọ́n."

"Ta ni ẹ̀gbọ́n yín? Ẹ bọ́ ọ wá jàre."

Ó rán an lórí ìdúró, àwọn tó tò sẹ́yìn rẹ̀ sì ń kùn. Ọkàn apoògùn kò kúrò lára rẹ̀ mọ́. Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà, wọ́n di tọkọtaya. Ọkọ ń pè é ní "Adúmáradán". Òun náà ń pe ọkọ ní "Apoògùn mi", bí ẹni pé kò sí òmíràn láyé.

Ní ọdún kẹta, oyún dé. Inú wọn dùn, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ba apoògùn. Lójú ẹsẹ̀ ni ó gba páálí oògùn lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀.

"Má lo èyí mọ́, Adúmáradán. Ó lè ba kíndìnrín ọmọ inú jẹ́."

Òótọ́ ni ó sọ, ṣùgbọ́n ààbọ̀ òótọ́ ni. Kò sọ pé oògùn mìíràn wà tí aláboyún lè lò, tàbí pé ẹ̀jẹ̀ ríru tí a kò tọ́jú lè pa ìyá àti ọmọ. Ó fẹ́ kí dókítà sọ ọ́. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi dúró de dókítà. Ìyá ọkọ ti dé kí ó tó pé.

"Ọmọ mẹ́fà ni mo bí," ni ìyá wí, "mi ò gbé kóró oògùn kan mì. Ọkọ rẹ tó mọ̀wé oògùn ti sọ pé ó ń ba ọmọ jẹ́. Kí lo tún ń wá, ìyàwó mi?"

"Mo ti gbọ́, Màmá."

Dókítà kọ oògùn tuntun. Apoògùn fúnra rẹ̀ ló dì í wálé, àràárọ̀ ló sì ń bi ìyàwó rẹ̀ léèrè.

"Ṣé o ti lò ó?"

"Mo ti lò ó, Apoògùn mi."

Abẹ́ òwú, nínú dúrọ́ọ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ, ni ìyàwó ń kó wọn sí. Bí ọjọ́ àyẹ̀wò bá pé, á ní àwọn oníbàárà kò jẹ́ kí òun ráyè.

Ní oṣù keje, orí bẹ̀rẹ̀ sí fọ́ ọ, ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, gìrì mú un lórí àga ìránṣọ. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Wọ́n gbé ọmọbìnrin kékeré kan jáde. Ọjọ́ méjì péré ni ọmọ náà lò.

Apoògùn ti rí òkìtì oògùn lábẹ́ òwú nígbà tó lọ kó aṣọ nílé.

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?" ni ó bi í lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ilé ìwòsàn.

"Ẹ̀rù ọmọ ló bà mí. Ìwọ lo kọ́kọ́ sọ pé ó léwu."

Ọ̀rọ̀ náà gún ọkọ lọ́kàn. "Òótọ́ ni. Mo sọ èyí tí o ò gbọdọ̀ lò, mi ò ṣàlàyé èyí tó yẹ kí o lò. Foríjì mí."

"Èmi náà purọ́ fún ọ."

Ìyá ọkọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ká gèlè mọ́wọ́.

Nọ́ọ̀sì kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnìkejì rẹ̀ gbé oògùn wọlé, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ìyá ọmọ, ẹ kú ewu o! Ẹ má bẹ̀rù èyí rárá. Ẹ lè lò ó, kí ẹ sì máa fún ọmọ lọ́mú."

Wàrà ti rin àyà aṣọ aránṣọ. Ó na ọwọ́.

"Ẹ gbé e wá. Kò sí ẹni tí yóò mu ọmú náà."

Ó gbé e mì. Ọkọ ṣì di ife omi mú. Ìyàwó bá a dì í mú.

"Gbé mi dìde, olólùfẹ́ mi. Mo fẹ́ rí ọmọ wa kí wọ́n tó gbé e lọ."