Mọ̀ọ́ntán àti Ìwé Ìbí Àtijọ́

“Ẹ fọkàn balẹ̀ jàre! Ọwọ́ ẹni tí kì í ṣàṣìṣe niṣẹ́ yìí bọ́ sí!”

Orí àga ni ọmọbìnrin tó sọ̀rọ̀ yìí dúró sí láàárín pálọ̀. Ó na rúlà sí àwọn ìwé tó tò sórí tábìlì bí ọ̀gágun tó ń yẹ ọmọ ogun rẹ̀ wò. Mọ̀ọ́ntán ni wọ́n ń pè é nílé, Mọ̀ọ́ntán ni wọ́n ń pè é nílé ìwé. Lójú tirẹ̀, oríkì ni. Àwọn tó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ kò jẹ́ ṣàlàyé.

“Ìwé ìbí Màmá Àgbà, mo rí ọ! Ìwé ìgbéyàwó wọn, nàró dáadáa! Ìwé ìbí màmá mi, kí ló dé tí etí rẹ ká kò?”

“Etí tìẹ ni màá ká kò bí o ò bá sọ̀ kalẹ̀ lórí àga mi,” ni ìyá rẹ̀ dáhùn. Télọ̀ ni ìyá rẹ̀, pínnì sì wà láàárín eyín rẹ̀, nítorí náà kò sẹ́ni tó jẹ́ bá a jiyàn.

Ọ̀rọ̀ àwọn ìwé náà kò ṣòro. Ìyá tó bí ìyá Mọ̀ọ́ntán, ìyẹn Màmá Àgbà, ń gbé pẹ̀lú wọn. Orílẹ̀-èdè mìíràn ni wọ́n ti bí bàbá Màmá Àgbà. Ìjọba ibẹ̀ sì ti ṣòfin pé ẹnikẹ́ni tó bá lè fi ìwé tọ ipasẹ̀ ara rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ baba ńlá tí wọ́n bí síbẹ̀ lè gba ẹ̀tọ́ ọmọ onílùú padà. Ìwé ọmọ á di ọwọ́ ìwé ìyá mú, ìwé ìyá á di ọwọ́ ìwé ìyá àgbà mú, títí wọ́n á fi kan bàbá náà. Bí ọ̀kan bá já, gbogbo wọn ṣubú. Ẹ̀gbọ́n Mọ̀ọ́ntán ọkùnrin lọ̀rọ̀ náà kàn jù. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ọkọ̀ ojú omi ṣe lọ́hùn-ún ti gbà á wọlé. Àwọn ọmọ onílùú kì í san kọ́bọ̀ níbẹ̀. Àwọn àlejò ń sanwó, wọ́n sì ń sunkún lé e.

“Ìwé ìbí bàbá Màmá ńkọ́?” ni ìyá béèrè.

“Òun ló dé yìí,” ni ohùn kan dáhùn lẹ́nu ọ̀nà.

Bọ̀ọ̀dá Ẹ̀dà ni. Àbúrò ìyá Mọ̀ọ́ntán ni, òun ló ni ṣọ́ọ̀bù fótókọ́pì tó wà ní ìkóríta. Ó gbé ìwé náà wá láàárín páálí méjì bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Ṣùgbọ́n nígbà tó ṣí i, ojú gbogbo wọn rọ̀. Yíǹkì orí rẹ̀ ti ṣá. Àwọn ẹ̀dà tó ṣe tún wá funfun jù ú lọ, àfi bí ojú olè tó rí ọlọ́pàá.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má wulẹ̀ dààmú,” ni Bọ̀ọ̀dá Ẹ̀dà sọ. “Ẹ mú ojúlówó lọ bó ṣe wà. Wọ́n ní iná tí wọ́n fi ń wo irú rẹ̀ ní ọ́fíìsì wọn. Bí àgbàlagbà bá ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, ńṣe là á súnmọ́ ọn, a kì í bá a pariwo.” Ó yíjú sí Mọ̀ọ́ntán. “Ìwọ ọmọ yìí, má fọwọ́ kàn án o.”

“Ẹ̀n-ẹ́n? Bọ̀ọ̀dá, ṣé èmi náà lẹ ń bá sọ̀rọ̀?”

“Ìwọ gan-an ni.”

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, nígbà tó ku òun àtàwọn ìwé nìkan ní pálọ̀, Mọ̀ọ́ntán tún tò wọ́n. Gbogbo wọn ń pariwo, àfi ti bàbá Màmá Àgbà tó ń sọ tirẹ̀ nínú ikùn. Ó wò ó títí. Ó mú bírò dúdú.

“Kí n kàn ràn án lọ́wọ́ díẹ̀,” ló wí.

Lẹ́tà kan ló kọ́kọ́ fi bírò tọ̀. Ó dúdú, ó dán, ó wuyì. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó fọ ojú kan lára ògiri ìdọ̀tí ni: ibi tó kù bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó tìtìjú-tìtìjú. Ó tọ lẹ́tà kejì. Kó tó gbé ọwọ́ sókè, ó ti tọ orúkọ ọkùnrin náà tán, àti ti bàbá rẹ̀, àti ọjọ́ ìbí, àti ìfọwọ́sí akọ̀wé kan tó ti kú tipẹ́. Ó wá ku òǹtẹ̀ ìjọba, òun náà ti parẹ́ lápá kan. Mọ̀ọ́ntán wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó wọ ilé ìdáná, ó mú ìdérí ìgò kan jáde, ó gbé e lé òǹtẹ̀ náà, ó sì ya á yípo rìbìtì.

“Ìjọba gan-an ò ya á tó báyìí,” ló sọ, ó sì kan sáárá sí ara rẹ̀.

Wọ́n jọ lọ sí ọ́fíìsì aṣojú orílẹ̀-èdè náà láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n dá fún wọn. Màmá Àgbà ni orúkọ rẹ̀ ṣáájú nínú fọ́ọ̀mù, nítorí náà wọ́n mú un dání, wọ́n gbé e jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n sì kó báàgì gbogbo wọn lé e lẹ́sẹ̀. Obìnrin akọ̀wé kan wà lẹ́yìn gíláàsì, irun rẹ̀ gún régé, ẹ̀rín rẹ̀ kò sí nílé. Ó gba ìwé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó dé orí ti àtijọ́. Ó dúró. Ó gbé e síwájú iná.

“Ta ló kọ èyí?”

“Àwọn èèyàn ìgbà náà ni,” ìyá Mọ̀ọ́ntán rẹ́rìn-ín ìgbéraga, ó rò pé iná náà ló mú yíǹkì tó ti ṣá hàn. “Ẹ ò rí ọwọ́ ìkọ̀wé! Àwọn ará àtijọ́ mà mọ̀wé kọ o.”

“Ìyá, nígbà tí wọ́n kọ ìwé yìí, wọn kò tíì máa fi bírò kọ̀wé ní ọ́fíìsì kankan.”

Akọ̀wé náà gbé ìwé ọ̀hún sọ́tọ̀. Ó ní ẹnìkan ti tọwọ́ bọ ojúlówó ìwé, pé ayédèrú ni òfin ń pe irú rẹ̀. Ó ní àwọn á dá ọ̀rọ̀ ìdílé náà dúró, títí ẹni tó ṣe é á fi wá ṣàlàyé fúnra rẹ̀.

“Àbúrò mi ni!” ìyá figbe ta. “Òun ló gbé ìwé wá, òun ló sì ń fi ìwé ṣòwò! Àfi òun!”

Ẹnu Mọ̀ọ́ntán, ẹnu tó máa ń dáhùn kí wọ́n tó béèrè, ẹnu tó ti bá tíṣà jiyàn lórí orúkọ tíṣà fúnra rẹ̀, ẹnu yẹn kọ̀, kò ṣí. Ìgbà tó máa fi ṣí, wọ́n ti dé ìta.

Ìyá kò yà sílé. Ṣọ́ọ̀bù ìkóríta ló gbà lọ tààrà, Mọ̀ọ́ntán ń sáré tẹ̀ lé e. Àwọn oníbàárà wà níbẹ̀. Tíṣà kan wà láàárín wọn tó gbé ìbéèrè ìdánwò ilé ìwé rẹ̀ wá fún títẹ̀, iṣẹ́ ńlá tí Bọ̀ọ̀dá Ẹ̀dà ti ń fi ṣe yangàn láti ìgbà pípẹ́.

“Ìwọ ayédèrú yìí! O ti ba ayé ọmọ mi jẹ́!”

“Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló ṣẹlẹ̀?”

“O fi bírò tọ ìwé bàbá Màmá! O wá ń bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀!”

Bọ̀ọ̀dá Ẹ̀dà la ẹnu. Ó wo Mọ̀ọ́ntán. Kò wò ó pẹ́. Ó pa ẹnu rẹ̀ dé, ó sì gbé ojú sílẹ̀.

Tíṣà náà dìde wẹ́rẹ́. “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi kó ìbéèrè ìdánwò mi. Ẹ ò ṣẹ̀ mí o. Mo kàn... mo kàn fẹ́ gbé e délé ná.”

Ẹyin lohùn, èyí balẹ̀ síwájú gbogbo ìkóríta. Kò pẹ́ tí àwọn èèyàn fi ń gba òdìkejì títì kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù náà. Bọ̀ọ̀dá Ẹ̀dà fi aṣọ bo ẹ̀rọ rẹ̀ bí ẹni bo òkú, ó sì ń jókòó tì í.

Ní tilé, Mọ̀ọ́ntán kò ríbi sá sí. Bí ìyá rẹ̀ bá bú Bọ̀ọ̀dá Ẹ̀dà tán, yóò fà á mọ́ra, yóò ní, “Ọpẹ́lọpẹ́ rẹ, ọmọ mi. Ìwọ lo ṣeé fọkàn tán nínú ìdílé yìí.” Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń ka ìwé ẹ̀rọ ọkọ̀ ojú omi lórí ibùsùn, ó ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé, “Mọ̀ọ́ntán, ìwọ tó mọ gbogbo nǹkan, ṣé wọ́n á ṣì ṣe é?” Yóò ní, “Wọ́n á ṣe é,” yóò sì sáré lọ fọ abọ́ tí wọ́n ti fọ̀.

Níkẹyìn, ó gbọ̀nà ṣọ́ọ̀bù lọ láti lọ jẹ́wọ́. Ó ti kọ́ ọ̀rọ̀ náà sórí bí ewì. Ó débẹ̀, ó na ìwé kan sí Bọ̀ọ̀dá Ẹ̀dà.

“Ẹ bá mi ṣe ẹ̀dà rẹ̀, sà.”

Bọ̀ọ̀dá Ẹ̀dà yẹ̀ ẹ́ wò. “Ẹ̀dà lèyí fúnra rẹ̀.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“Kí lo fẹ́ fi ẹ̀dà ẹ̀dà ṣe?”

“Ó... ó dáa kéèyàn ní in lọ́wọ́.”

Bọ̀ọ̀dá ká aṣọ kúrò lórí ẹ̀rọ, ó ṣe é, kò gbowó. “Mọ̀ọ́ntán, ṣé ọ̀rọ̀ kankan wà tí o fẹ́ bá mi sọ?”

“Rárá, sà. Ẹ ṣeun, sà.”

Ó dé kọ̀rọ̀ kan, ó jókòó sílẹ̀, ó sunkún sórí ẹ̀dà méjèèjì. Ó ti gbé ìjẹ́wọ́ lọ, ó tún gbé e bọ̀ wálé.

Ọjọ́ tí akọ̀wé náà ránṣẹ́ pè wọ́n padà, ìyá wọ́ Bọ̀ọ̀dá Ẹ̀dà lọ síbẹ̀ bí ẹni wọ́ ewúrẹ́. Wọ́n tò síwájú gíláàsì, Màmá Àgbà lórí bẹ́ǹṣì, báàgì lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

“Bí ẹni tó ṣe é bá jẹ́wọ́,” ni akọ̀wé sọ, “àwa fúnra wa á kọ̀wé béèrè ẹ̀dà tuntun láti inú ìwé àkọsílẹ̀ ìlú tí wọ́n ti bí i. Bí kò bá sẹ́ni tó jẹ́wọ́, a ó ti fáìlì pa.”

Ìyá gún Bọ̀ọ̀dá Ẹ̀dà ní ìgúnpá. Ọkùnrin náà wo ojú ọmọkùnrin tó fẹ́ lọ kọ́ṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi. Ó mí kanlẹ̀.

“Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé èmi ni.”

“Irọ́ ni!” Mọ̀ọ́ntán pariwo.

“Ẹ gbọ́ ọ!” ìyá pàtẹ́wọ́. “Ọmọ kékeré gan-an mọ̀ pé irọ́ ló ń pa!”

“Irọ́ ni pé Bọ̀ọ̀dá ni! Èmi ni! Bírò mi ni! Wọ́n ní kí n má fọwọ́ kàn án, mo fọwọ́ kàn án. Ẹ bú wọn, mo dákẹ́. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn, mo dákẹ́. Ìdérí ìgò ni mo fi ya òǹtẹ̀!”

Akọ̀wé náà gbé orí sókè. “Ìdérí ìgò?”

“Ti ìgò oyin, mà.”

Fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹ̀rín akọ̀wé yà sílé díẹ̀, ó tún jáde lọ. Ó ní kí Mọ̀ọ́ntán fọwọ́ ara rẹ̀ kọ àlàyé náà sílẹ̀. Ó ní ẹ̀dà tuntun yóò wá, ṣùgbọ́n yóò pẹ́. Ilé ẹ̀kọ́ ọkọ̀ ojú omi yóò ti wọlé kó tó dé. Ọdún yìí ti lọ nìyẹn.

“Mo ti dágbére fún gbogbo àwọn ọ̀rẹ́ mi,” ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. Ì bá sàn bó bá gbá a létí.

Ìyá ti kúnlẹ̀ síwájú àbúrò rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. “Àbúrò mi, mo jẹ̀bi. Mi ò béèrè kí n tó pariwo. Ìkóríta yẹn náà ni màá ti lọ tọrọ àforíjì, iwájú tíṣà yẹn gan-an.”

“Ẹ dìde, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ní a tún ń ṣe ayédèrú ìkúnlẹ̀.”

Mọ̀ọ́ntán ń nu omijé. “Bọ̀ọ̀dá, ṣé ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni?”

“Nínú ilé yẹn, ta ló tún fẹ́ fi bírò ran ìjọba lọ́wọ́? Mo ń retí kí o sọ ọ́ ni. Gbọ́, àṣìṣe bírò kò tó nǹkan, ọwọ́ ọmọdé ló ṣe é. Ìdákẹ́jẹ́ rẹ ló lé oníbàárà mi lọ. Ẹni tó bá ṣe ohun tí kò dáa, kó tètè sọ. Bó bá ṣe ń pẹ́ ni ìyà rẹ̀ ń jẹ ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.”

Gbogbo wọn mi orí. Àṣejù ni baba àṣetẹ́, wọ́n ti rí i lójú ara wọn: ọmọ tó ń dárà, ìyá tó ń pariwo, àwọn méjèèjì ló jọ ba orúkọ ẹni rere jẹ́. Wọ́n dì mọ́ra, wọ́n sunkún, wọ́n ní ọdún tó ń bọ̀ ni, ilé ẹ̀kọ́ ò ní sá lọ.

Akọ̀wé kan gíláàsì kọ́kọ́. “Ó ku ìbéèrè kan ṣoṣo kí n tó kọ̀wé. Ọwọ́ Màmá ni ẹ̀tọ́ náà ti máa gbà dé ọ̀dọ̀ ẹ̀yin tó kù, òun ló sì gbọ́dọ̀ fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Màmá, ṣé ẹ fẹ́ di ọmọ orílẹ̀-èdè bàbá yín?”

Ìdílé náà yíjú sí orí bẹ́ǹṣì.

“Rárá,” ni Màmá Àgbà wí. “Sísá ni bàbá mi sá kúrò níbẹ̀.”